Ọjọ́ Tí Àdúgbò Wá Bẹ̀bẹ̀ Nítorí Oore Tí Mo Ṣe

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wí i pé èmi kì í ṣe dókítà, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé aláìsàn wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìlúpéjú ni mo ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi tì í pa, ìdí ẹ̀rọ ìhunṣọ ni mo sì ti darúgbó. Láyé ìgbà náà, àwọn ọ̀gá wa máa ń yan ẹnì kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ́ ọ bí a ti ń ṣe ẹni tó bá fara pa kí dókítà tó dé. Èmi ni wọ́n yàn ní ẹ̀ka tiwa. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn yòókù lọ; èmi nìkan ni òòyì kì í kọ́ tí mo bá rí ẹ̀jẹ̀.

Ọkùnrin tó kọ́ wa ní, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú, kí a mú aṣọ tó mọ́, kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ gidigidi, kí a má sì máa ṣí i wò. Ó ní ẹni tó ń ṣí ọgbẹ́ wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú dà bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò ẹ̀wà: sùúrù ni kò ní. Ó kọ́ wa dáadáa, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ohun kan ṣoṣo tí kò kọ́ wa ni èsì tí a ó fọ̀ nígbà tí wọ́n bá bi wá pé kí ló kàn wá níbẹ̀.

Àgùdà ni ilé mi wà. Gọ́tà ńlá kan ń ṣàn kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n sì fi sílábù bò ó kí àwa àtàwọn tó ń kọjá lè máa rí ẹsẹ̀ gbé. Ọ̀kan nínú àwọn sílábù náà ti sán, ó ń mì bí eyín ọmọdé. A ti ń sọ̀rọ̀ sílábù yìí nípàdé onílé láti ìgbà tí alága wa ṣì ń ya irun rẹ̀ sí méjì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, kò sí irun kankan tí ó lè yà mọ́. Ìpàdé kì í parí kí a má kan án. A ó kan án, a ó mí kanlẹ̀, a ó ṣe àdúrà ìparí.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo jókòó síta, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ló wà lọ́rùn mi, pákò ló wà lẹ́nu mi. Onígíláàsì kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ó gbé gíláàsì fèrèsé sábẹ́ apá, ó fi àkísà di etí rẹ̀ mú. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó ní ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí, nítorí pé ó rí mi, ó sì tẹríba díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Ibi ìkíni yẹn ló ti tẹ sílábù. Sílábù yí. Ọkùnrin náà ṣubú, gíláàsì sì ṣáájú rẹ̀ dé ilẹ̀, orí gíláàsì náà ló wá bọ́ lé. Nígbà tí ó gbé apá sókè, ó ti ya láti ọrùn ọwọ́ dé ìtòsí ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń bọ̀ bí omi ẹ̀rọ tí kò ní kọ́kì.

Kí n tó dìde, àdúgbò ti pé. Wọ́n pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n pé síbi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti ní ta sí wọn láṣọ. Fóònù ń yọ lápò bí ìgbín tó gbúròó òjò.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló ni ín!"

"Ẹ da kẹrosíìnì sí i."

"Kẹrosíìnì kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ dáná ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níwájú mi, mi ò rí ojú rẹ̀ nínú fídíò."

Mo tu pákò nù. Mo bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì mi, nítorí òun ni aṣọ tó mọ́ tó wà nítòsí, mo ká a, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ apá ọkùnrin náà, mo sì fún un mọ́lẹ̀. Ó ké. Mo túbọ̀ fún un.

"Bàbá, gíláàsì mi!" Ìyẹn ló ń sunkún sí.

"Gíláàsì ti lọ, ọmọ mi. Jẹ́ ká wá apá."

Mo wo aládùúgbò mi tó ní ọkọ̀. Ó ní òun ò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ òun wà. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà, ó ń fi í họ orí bó ti ń sọ ọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló gbé wa nígbẹ̀yìn, ẹni tó ń wà á kò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Bó ti já wa sílẹ̀ níwájú ọsibítù, ó tẹná mọ́ ọn, ó lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Èkó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí onímárúwá tí kò dúró gba owó.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wò wá láti òkè dé ilẹ̀.

"Bàbá, kí ló ṣe é?"

"Gíláàsì ló gé e."

"Ìwé ọlọ́pàá dà?"

"Ọmọ mi, ọlọ́pàá kọ́ ló gé e."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní báyìí ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀: ọgbẹ́ tó bá jọ ti ìjà, kí a lọ gba ìwé ní àgọ́ ọlọ́pàá kí a tó gbé e wọlé. Mo ní bí mo bá lọ gba ìwé, ta ni yóò bá mi tẹ apá yìí? Orí ìyẹn la wà tí dókítà fi yọjú. Ó kéré lọ́jọ́ orí, mo ní bàtà tó dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó rí ẹ̀jẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e wọlé kíá. Ó ní òfin ti wà pé kí a kọ́kọ́ tọ́jú ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, kí a tó béèrè ohunkóhun.

Nọ́ọ̀sì ní, "Òfin wà, Dókítà. Ọlọ́pàá náà wà."

Ó sì ti pè wọ́n. Àwọn ọlọ́pàá tí a pè nígbà tí olè jà lójúlé kejì sí wa, tí wọ́n ní ọkọ̀ àwọn ò ní epo, wọ́n dé kí n tó rí ibi nu ọwọ́ sí. Ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n bá: àgbàlagbà kan láìláṣọ lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń mí gúlegúle. Mo dà bí alápatà tí wọ́n jí ẹ̀wù rẹ̀ gbé. Èmi gan-an, bí mo bá rí ara mi, ǹ bá sá.

Ní àgọ́, sájẹ́ǹtì obìnrin kan ló wà nídìí káńtà. Ó bọ̀wọ̀ fún mi, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó wá àga fún mi, ó sì ní kí wọ́n ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí mi.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbé e lọ sí ọsibítù?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé e?"

"Ẹ̀jẹ̀ ń tú lára rẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ ń tú lára ọ̀pọ̀ èèyàn ní Èkó, sà. Kí ló dé tó fi jẹ́ tiẹ̀ lẹ mú?"

Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò yé mi, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní Á, Bí, Dí. "Ẹ wò ó, sà. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, ẹni tó bá ṣe nǹkan ló sábà máa ń gbé èèyàn lọ sí ọsibítù, kó má baà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ilé rẹ̀ ló máa ń wà."

"Bí mo bá wá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́?"

"À bá wá gbé òkú, ẹ̀yin ì bá sì ti jẹun àárọ̀ yín tán."

Àwọn àgbà ní a kì í ṣe oore ká lóṣòó tì í. Èmi náà ò fẹ́ lóṣòó. Ìjọba ló ní kí n lóṣòó tì í, wọ́n sì gbé àga fún mi.

Mo ní kí wọ́n lọ wo ojú ibẹ̀, wọn á rí gíláàsì, wọn á rí sílábù, wọn á rí ẹ̀jẹ̀, kò sì ní sí àríyànjiyàn mọ́. Sájẹ́ǹtì rán ọlọ́pàá kan lọ. Ó padà dé, ó ní òun ò rí àfọ́kù gíláàsì kankan. Ó ní ojú ibẹ̀ mọ́ bí àwo tí àlejò fẹ́ fi jẹun, wọ́n ti gbá a, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti da yanrìn sí i, wọ́n tiẹ̀ ti gbé pákó tuntun lé gọ́tà.

Ẹni tó bá dàgbà láàrin wa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò wa kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ lójúde. Kì í ṣe tàwọn ọlọ́pàá ni wọ́n ń rò; ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé ni wọ́n ń rò, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń kọjá yóò máa sọ nípa ilé náà.

"Ta ló ní kí wọ́n fọ̀ ọ́?" Sájẹ́ǹtì bi mí.

Mo mọ ọwọ́ tó máa ń gbálẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó. Mo dákẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n onígíláàsì ló wọlé lẹ́yìn náà, ọkùnrin gìrìwò kan tó ń bọ̀ láti Múṣin, ìbínú ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ó wò mí, ó na ìka sí mi. "Bàbá yìí ni? Àgbàlagbà tó yẹ kó máa làjà!" Mo ní gíláàsì ni. Ó ní gíláàsì kì í dá rìn. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí n lọ ilé títí àbúrò òun yóò fi jí nínú oorun tí dókítà fi abẹ́rẹ́ kùn ún, tí yóò sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó ṣe é. Sájẹ́ǹtì ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí ọkùnrin náà kò bá tíì sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀yìn irin ni n ó sùn, títí di ọjọ́ Ajé. Èmi tí n kì í lè sùn bí wọ́n bá yí ìrọ̀rí mi padà. Sísùn níbẹ̀ tiẹ̀ kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù. Ohun tí wọn yóò máa pè mí láti ọjọ́ náà lọ ni mo ń rò: Bàbá tó fi gíláàsì gún èèyàn.

Ibẹ̀ la wà tí ìrànlọ́wọ́ fi dé.

Alága onílé ló ṣáájú, ó dé fìlà, àwọn àgbà àdúgbò tẹ̀ lé e. Inú mi dùn, mo ní ẹ̀rí dé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ wò mí. Àwa Yorùbá kì í bá aláṣẹ jiyàn. Ẹ̀bẹ̀ la fi ń wọ ilé ẹjọ́, yálà a jẹ̀bi tàbí a jàre. Bẹ́ẹ̀ ni alága ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n onígíláàsì, ọkùnrin tó lè bí lọ́mọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e wálẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí ji Bàbá wa. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Mo fò dìde. "Alága! Mi ò ṣe nǹkan kan!"

"Bàbá, ẹ rọra, ẹ̀bẹ̀ ti ń wọ̀ wọ́n lára."

"Ẹ̀bẹ̀ kí ni?"

"Ṣẹ́ ẹ rí i?" Ó yí sí sájẹ́ǹtì láti ilẹ̀ níbi tó wà. "Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ bí wọn nínú. Ṣùgbọ́n inú wọn mọ́."

"Inú máa ń tètè bí wọn?" Sájẹ́ǹtì béèrè, ó fa bírò rẹ̀ mọ́ra.

"Ọjọ́ orí ni, mà. Ọjọ́ orí kò jẹ́ kí wọ́n mọ agbára ọwọ́ wọn mọ́."

Mo ti rí lọ́yà tó gba ẹjọ́ rò tó sì pàdánù. Ṣùgbọ́n mi ò rí irú èyí rí: kí ará àdúgbò mi dọ̀bálẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́ láti fi mí sẹ́wọ̀n. Ẹ̀gbọ́n onígíláàsì tí kò dá a lójú tẹ́lẹ̀, ó wá dá a lójú. Ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan, àwọn èèyàn rẹ̀ ti gbà."

Ọmọbìnrin kan wà tó gba yàrá lókè ilé mi, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Yábàá. Òun nìkan ni kò dọ̀bálẹ̀, kò sì kúnlẹ̀. Ó nawọ́ fóònù sí sájẹ́ǹtì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ ka ibí yìí. Òfin ni. Ẹni tó bá ran ẹni tí ìbọn bà lọ́wọ́, ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Grandpa ò ṣe ju ìyẹn lọ."

Sájẹ́ǹtì gba fóònù náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tiẹ̀ padà sókè láti tún ibì kan kà. Ó dá a padà. "Òfin tó dára ni. Ìbọn dà?"

"Kò sí ìbọn, mà. Gíláàsì ni."

"Ẹ ò rí i? Ká ní ìbọn ló bà á ni, Grandpa ti wà nílé báyìí."

Alága gbé orí sókè láti ilẹ̀. "Ṣé a ò kúkú lè sọ pé ìbọn ni?"

Ọmọbìnrin náà fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Mo rí i.

Mo jókòó, mo ń ronú sí òfin yẹn. Àwọn tó ṣe é ṣe dáadáa. Ìbọn pọ̀ nílùú. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé aláàánú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó bi ẹni tó wà nínú àgbàrá ẹ̀jẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, kí ló bà yín? Bó bá jẹ́ ìbọn, mo dé. Bó bá jẹ́ gíláàsì tàbí gọ́tà tàbí àyà tó dédé dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ẹ má bínú, ilé ni mò ń lọ." Ó yẹ kí òfin wà tí kò ní máa béèrè orúkọ ohun tó gé èèyàn kó tó dáàbò bo ẹni tó dì í. Èmi kọ́ ni n ó ṣe é. Mo kàn jókòó ní àgọ́ láìláṣọ, mo ní àkókò láti ro nǹkan.

Fóònù ẹ̀gbọ́n onígíláàsì dún. Àbúrò rẹ̀ ni, ó ti jí, ó yá fóònù nọ́ọ̀sì. Sájẹ́ǹtì ní kí ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa gbọ́. Alága tiẹ̀ gbàgbé láti dìde nílẹ̀.

"Ta ló ṣe ọ́?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kígbe. "Bàbá kan wà níbí!"

"Bàbá wo? Èyí tí kò wọ̀wù?" Ohùn náà lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe kedere. "Háà, Ẹ̀gbọ́n mi! Bàbá yẹn le o! Ó gbá apá mi mú, ó ń fún un, mò ń ké, mo ní kó fi mí sílẹ̀, kò dá mi lóhùn. Ọwọ́ rẹ̀ dà bí irin!"

Gbogbo ojú yí sí mi. Alága sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "A kúkú ti bẹ̀ yín tẹ́lẹ̀."

Sájẹ́ǹtì sún mọ́ fóònù náà. "Ṣé òun ló gún ọ?"

"Gún mi kẹ̀? Ta ló gún mi? Gọ́tà ló gbé mi ṣubú. Sílábù kan tó ń mì níwájú ilé, tí àwọn onílé ibẹ̀ kọ̀ láti tún ṣe. Gíláàsì mi ló gé mi. Dókítà ní ká ní Bàbá ò fún apá yẹn ni, ẹ̀jẹ̀ mi ì bá ti tán lójú ọ̀nà. Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní kó rọra fún ẹni tó bá tún mú."

Mo mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n sájẹ́ǹtì kò wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. Ó ń wo ilẹ̀, níbi tí àwọn àgbà wà.

"Ẹ̀yin onílé ibẹ̀ dà? Ta ni alága?"

Ọkùnrin tó ti ń sọ̀rọ̀ bí omi láti ìgbà tó ti wọlé, ẹnu rẹ̀ wọlé. Ó wò mí. Ẹ̀rí ọkàn mi ní kí n dọ̀bálẹ̀ kí n bá a bẹ̀bẹ̀, kí n ní kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí n ní ọjọ́ orí ni. Orúnkún mi ni kò gbà.

Wọ́n ní kí n máa lọ. Sájẹ́ǹtì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ máa lọ ilé, sà. Ẹ má sì ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Kí ni kí n má ṣe mọ́?"

Ó rò ó díẹ̀. "Gbogbo rẹ̀."

Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n forí jì mí. Títí di òní, àwọn kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n gbà pé ẹ̀bẹ̀ ló yọ mí. Ìyá àgbà kan máa ń wí fún mi bó bá ti rí mi pé, "Bàbá, ẹ máa ṣọ́ ìbínú yín o." Mo máa ń ní kí Ọlọ́run gbọ́.

Wọ́n tún sílábù ṣe kí Sátidé mìíràn tó pé. Nípàdé tó tẹ̀ lé e, a jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó bá tún ṣubú. Àwọn kan ní kí a máa wo ojú sánmà bí ẹni tí kò rí i. Ìyàwó mi, tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé, ló dìde. Ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń wí i ni pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló ni ín? Kí gbogbo wa fọwọ́ kàn án nígbà náà. Àgọ́ wo ló máa gba gbogbo wa?" Aládùúgbò mi tó ní ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe òfin tiwa, láì sí aṣòfin.

Kò pẹ́ tí òòyì fi kọ́ obìnrin aránṣọ kan níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì wó lulẹ̀. Mo ń rún pákò. Mo gbọ́ igbe, mo dìde, mo wọlé lọ wọ ẹ̀wù kí n tó jáde, ìyẹn ni mo rí kọ́. Nígbà tí n ó fi débẹ̀, wọ́n ti bò ó. Ẹnì kan di orí mú, ẹnì kan di àtẹ́lẹsẹ̀, àwọn tí kò rí ibi dì mú ń fi ìka kan tọ́ ọ léjìká kí wọ́n lè wà nínú rẹ̀.

"Ẹ rọra fà á, ṣé iṣu ni?"

"Ọwọ́ mi dà? Ọwọ́ ta nìyí?"

"Alága, ẹ fọwọ́ kàn án o, ẹ má kàn máa tọ́ wa sọ́nà!"

Obìnrin náà ti jí lójú títì. Ó ní kí a sọ òun kalẹ̀, ara òun ti le. Kò sẹ́ni tó gbà. A ti fọwọ́ kàn án. Èmi kò rí àyè rárá, bàtà rẹ̀ kan tó bọ́ sílẹ̀ ni mo gbé.

Nọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Ó wo èrò, ó gbé fóònù sí ọwọ́.

"Ta ló gbé e wá?"

"Gbogbo wa ni!" Ohùn kan ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ojú rẹ̀ ń lọ láti orí dé orí, títí tó fi bà lé mi. "Bàbá. Ẹ̀yin tún ni?"

"Rárá o," mo ní. "Bàtà rẹ̀ ni mo gbé."

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé obìnrin tó ń bẹ̀ wá yẹn wọlé, gbogbo àdúgbò sì jókòó sórí àtẹ̀gùn ọsibítù, a lóṣòó ti oore wa. Mo fún alága ní àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.